Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án ní League City

Ọjọ́ kẹrin ìdíje náà ni Ẹkúndayọ̀ ṣubú. Láti Houston ni wọ́n ti gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń lọ sí Galveston létí òkun, lójú ọ̀nà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní igi tàbí òkè tó lè dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Àádọ́fà ọkùnrin ló wà lórí kẹ̀kẹ́, oníkálukú ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gba gbogbo agbára rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ ò sá pamọ́ ní tirẹ̀. Ó wà níwájú, ó tẹ orí ba, ó ń gba afẹ́fẹ́ sáyà nítorí ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ikọ̀ wọn fẹ́ kó gba ipò kìíní. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ gígùn jẹun kì í díje fún ara rẹ̀. Ó máa ń gbé omi fún ọ̀gá, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ fún ọ̀gá, bí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, á bọ́ sílẹ̀, á fún un ní tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gun orí afárá tó wọ Galveston, táyà ẹnìkan kan táyà rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo irin, ó rí ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà ó rí kọnkéré afárá nítòsí ojú rẹ̀ gan-an. Nígbà tó fẹ́ dìde, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò dá a lóhùn.

Oṣù kẹrin ọdún 1985 lèyí ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó ti di agunkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ìlú kékeré kan létí òkun ní Zeeland, ní orílẹ̀-èdè Họ́láǹdì, ni wọ́n bí i sí. Marijke ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, olùkọ́ àwọn ọmọdé ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Delft. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá ní òun ń lọ sí Nàìjíríà lọ wo bí iṣẹ́ ṣe rí lẹ́yìn ogun, pé òun á ránṣẹ́ pe ìyá àti ọmọ. Lẹ́tà dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ girama jìnnà sílé wọn tó kìlómítà mẹ́rìnlá, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ, tí afẹ́fẹ́ òkun á máa tì í padà ní gbogbo àárọ̀. Àwọn ọmọ yòókù á máa kùn, òun ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn kùn. Nígbà tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wọ ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ìlú wọn. Nígbà tó pé ogún, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje mẹ́rin láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà sì gbà á sínú ikọ̀ wọn fún ọdún kan. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Houston. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àwọn ọ̀dọ́ inú ikọ̀ wá sí Texas, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí orúkọ ọ̀dà lára aṣọ wọn.

Ní ọsibítù, dókítà ní egungun tó so èjìká òsì mọ́ àyà ti ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ náà sì ti ṣẹ́. Wọ́n fi P.O.P. sí ọwọ́, wọ́n fi aṣọ kọ́ ọ sọ́rùn. Orí rẹ̀ náà ti gbá ilẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gerrit, máníjà ikọ̀ wọn, dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tòun ti fìlà lọ́wọ́.

“Ọjọ́ Àìkú ni àwa ń padà,” ló wí. “Mo fi kẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀ fún ẹ, tí ara rẹ bá ti le, kó o máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹfà ni mo nílò ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ìgbà yẹn.”

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ obìnrin Yorùbá, Wùmí lorúkọ rẹ̀. Ó ka orúkọ tó wà lára káàdì tí wọ́n fi kọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún un kà, ó wá wo ọmọkùnrin aláwọ̀ pupa tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

“Ta ló sọ ẹ́ ní Ẹkúndayọ̀ Ọlọ́runyọmí?”

“Bàbá mi.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Mi ò mọ̀. Bóyá Nàìjíríà.”

 Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí Wùmí ń lọ ní Third Ward, àdúgbò kan ní Houston, ẹnjiníà kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́runyọmí, tó máa ń dìde lọ́dọọdún tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ní ọmọ lókèèrè bọ́ síwájú pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì rí ọmọ náà rí. Wùmí lọ tẹ̀ ẹ́ láago.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tí irun rẹ̀ ti ń funfun létí, wọlé tòun ti fúláàsì ọbẹ̀ lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó fi èdè Dọ́ọ̀ṣì, èdè Họ́láǹdì, tó ti dípẹtà lẹ́nu rẹ̀ sọ pé, “O ti gùn ju bí mo ṣe rò lọ.” Ó gbé fúláàsì kalẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó sì fa aṣọ ìnujú yọ.

Ẹkúndayọ̀ ti múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ọkùnrin yìí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí fúláàsì náà.

Bó ṣe dé ilé bàbá rẹ̀ ní League City nìyẹn, láàárín Houston àti Galveston. Ilé bíríkì ni, kápẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ò sì ṣeé ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Iyàwó bàbá, Olúbùkọ́lá, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan nítòsí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti Ẹnjiníà ti ṣègbéyàwó, wọn ò tíì bímọ. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó kọ́ Ẹkúndayọ̀ pé “Àǹtí” ni kó máa pe òun, pé tó bá ń kí àgbà, “ẹ” ló gbọ́dọ̀ sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tó ní “Ẹ káàárọ̀, Àǹtí,” ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹyin kan kún èyí tó wà nínú àwo rẹ̀.

Ká má parọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Á gé ẹran fún un sí wẹ́wẹ́, á de okùn bàtà rẹ̀ fún un, á jókòó tì í, á máa sọ ìtàn ìlú wọn, ọ̀rọ̀ Yorùbá á máa dà pọ̀ mọ́ òyìnbó, òyìnbó mọ́ Dọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí kò rí bàbá fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í tètè yó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹkúndayọ̀ kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun wà ní àlàáfíà, kó má ṣe dààmú. Òótọ́ ló sì kọ.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nínú gáráàjì, yàrá tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, bàbá ti gbé e kọ́ sókè lára igi àjà. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bàbá.

“Dádì, pásípọ́ọ̀tù mi ńkọ́?” ló béèrè lọ́jọ́ kan.

“Ó wà níbi tó dáa.”

“Níbo?”

“Ṣé o níbi tó o fẹ́ lọ lónìí ni?”

Kò níbi tó fẹ́ lọ, kò sì béèrè mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Láti kékeré, kò sọ́jọ́ kan tó lò tí kò fẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Nísinsìnyí, tí bàbá àti Àǹtí bá ti lọ síbi iṣẹ́, á máa lọ láti yàrá sí pálọ̀, láti pálọ̀ sí kíṣìnì, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógójì, á sì padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ ládùúgbò náà. Etí títì ló ń rìn gbà, oòrùn gbá a mú, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀, kò sì rí ẹlòmíì tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ò bínú, ó béèrè bóyá nǹkan ń ṣe é ni, ibo ló ń lọ.

“Mò ń rìn ni,” ni Ẹkúndayọ̀ fèsì.

“Lọ síbo?”

Ẹkúndayọ̀ nawọ́ síwájú, síbi tí títì ń lọ. Ọlọ́pàá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ó sì gbé e padà dé iwájú ilé. Bàbá gbọ́ nírọ̀lẹ́. Ó mú ọmọ náà léjìká tó sàn, ó ní, “O ò mọ ìlú yìí. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo irú wa. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní í jáde láìsí mi, o ò sì ní í gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sójú títì.”

Ẹ̀rù gidi ló wà lójú ọkùnrin náà. Ẹkúndayọ̀ ṣèlérí.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba kíṣìnì jáde lọ́jọ́ tó bá wù ú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ojú bàbá rẹ̀ lá máa rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Third Ward. Wọ́n rán aṣọ funfun fún un, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi tàwọn yòókù. Gbogbo ìjọ dìde fún un. Alàgbà Olúdọ̀tun, àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ máa ń mi ilé, gbé ọwọ́ lé e lórí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ti ọmọ lulẹ̀ lórí afárá kó lè gbé e fún bàbá rẹ̀. Ìjọ ṣe àmín. Àwọn ìyá dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún. Ẹkúndayọ̀ dúró láàárín wọn, ó ń rò ó pé bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ti òun lulẹ̀, ta ló wá gbé òun gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tóun wà lọ́mọdé? Kò lè bi ẹnikẹ́ni. Ayọ̀ wọn pọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gé P.O.P. kúrò. Ọwọ́ tó jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, àmọ́ ó ń di nǹkan mú. Inú rẹ̀ dùn dé ọ̀fun. Nínú mọ́tò, ó ní, “Dádì, mo lè máa lọ báyìí.”

 Bàbá ò kọrí sílé, Third Ward ló gbé e lọ, sí ọgbà yunifásítì kan níbẹ̀, ó ń fi ilé ìkàwé hàn án, ó ń fi ilé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà hàn án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, àpò wà lẹ́yìn wọn, àwọn kan ń sáré bá bọ́ọ̀sì. Lábẹ́ igi kan, bàbá mú fọ́ọ̀mù kan jáde. Ó ti kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀ pátá, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló ṣófo.

“Mi ò ní kó o má gun kẹ̀kẹ́,” ni bàbá wí. “O lè máa gùn ún lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni kẹ̀kẹ́? Tó o bá pé ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Tó o bá tún ṣubú ńkọ́, tó jẹ́ ọrùn ni? Mo rí ẹ ní ọsibítù, Dayọ̀. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú irun ẹ.”

Ó na báírò sí i. Ẹkúndayọ̀ wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ yìí ló ń de okùn bàtà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó gba báírò, ó fọwọ́ sí i, ó sì rò ó pé òun á wá ọ̀nà sọ òótọ́ tó bá dọ̀la. Nígbà tó dọ̀la, bàbá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, Àǹtí sì ti se ìrẹsì ìdúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tún kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tẹlifóònù dún. Bàbá ti kọ́ ọ pé tí òun ò bá sí nílé, kó jẹ́ kó dún títí. Ó dún títí, ó dákẹ́, ó tún dún. Ẹkúndayọ̀ gbé e.

“Dayo?” Ohùn Gerrit ni. “Ìwọ ni? Ìgbà kẹfà tí mò ń pè rèé! Bàbá rẹ ní o ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, pé o ti wọ yunifásítì. Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹkúndayọ̀ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. “Ìgbà kẹfà?”

“Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Gbọ́, ọjọ́ Ajé ni mo máa fi orúkọ àwọn tó ń lọ ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́wàá sílẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kọ. Tí mi ò bá gbọ́ lẹ́nu rẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíì ni mo máa kọ, màá sì jẹ́ kí àwọn ọ̀gá mọ̀ pé o ò bá wa ṣe mọ́. Kò sóhun tí mo tún lè ṣe.”

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, Ẹkúndayọ̀ ò fọwọ́ kan tirẹ̀.

“Gerrit pè,” ló wí.

Bàbá ń gé ẹran lọ.

“Ó ní ẹ bá òun sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ara rẹ ò tíì yá nígbà yẹn.”

“Ó ti yá báyìí. Dádì, ẹ fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi.”

“Jẹun ná.”

“Mi ò jẹ!” Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe rò lọ. Àǹtí Bùkọ́lá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. “Èmi kọ́ ni mo yan ibi tí màá gbé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin lẹ lọ. Ẹ lọ, ẹ ò padà. Ẹ wá fẹ́ kó gbogbo ọdún yẹn jọ, kẹ́ ẹ há mi mọ́ inú ilé kan nítorí wọn?”

 Bàbá fi aṣọ ìnuwọ́ nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, tí Ẹkúndayọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

“Kí ni wọ́n sọ?” ló bi Àǹtí.

Àǹtí ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. “Wọ́n ní tó o bá fi ilé yìí sílẹ̀ báyìí, àwọn mọ̀ pé àwọn ò ní í rí ẹ mọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n nítorí bí àwọn náà ṣe ṣe é nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló so ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo nǹkan lọ. Bó bá lọ, ọ̀rọ̀ bàbá á ṣẹ. Bó bá dúró, kò ní í gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ Sátidé, ó dùbúlẹ̀ Àìkú, ó ní orí ń fọ́ òun, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó ti tẹlifóònù láti aago méje, ó sì mọ nọ́ńbà Gerrit lórí. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun ń bọ̀, láìní ìwé tóun máa fi wọkọ̀? Pé òun ò bọ̀? Aago méjìlá lù. Ní Họ́láǹdì, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Orúkọ ẹlòmíì ti wà nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ilé ti dá, ó wọ gáráàjì. Ó gun orí àpótí, ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì méjì sí apá ibí àti apá ọ̀hún, ó gbé ìdí kẹ̀kẹ́ lé wọn kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ó gùn ún. Ilẹ̀kùn ńlá wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ò dé ibẹ̀, oòrùn oṣù kẹfà sì ti ń jó òrùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Táyà ń yí, ó ń dún fìì, kò lọ síbì kankan. Ògiri wà níwájú rẹ̀, rọ́bà omi kan tí wọ́n ká bí òṣùká àti ṣọ́bìrì wà lára ògiri náà, ó sì tẹjú mọ́ wọn bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ilà ìparí ìdíje. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó ń kán sórí kọnkéré. Ó wà á fún wákàtí kan. Ó wà á fún wákàtí kejì. Èjìká ń dùn ún, ó ń wà á. Nígbà tó yá, kò rí ògiri mọ́, ìmọ́lẹ̀ funfun kan ló ń rí, ó sì rọra wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tòun ti kẹ̀kẹ́.

Àǹtí Bùkọ́lá tó wálé wá jẹun ọ̀sán ló bá a nílẹ̀. Ó pariwo, ó wọ́ ọ wọ kíṣìnì, ó da omi tútù sí i lórí, ó fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu. Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i pé obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun.

“Ṣé o fẹ́ kú sínú ilé mi ni?”

“Rárá, Àǹtí. Mi ò mọ ibòmíì tí mo lè wà á sí.”

Obìnrin náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò lójú ọmọ náà. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ nínú ilé yìí. Láti ọjọ́ tó o ti dé, mò ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú. Má rò pé ó rọrùn fún mi.” Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì. “Mi ò ní í jí pásípọ́ọ̀tù fún ẹ. Èmi kì í bá ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màá gbé ẹ dé ọ́fíìsì wọn. Ẹnu ara rẹ ni wàá fi tọrọ ẹ̀.”

Wọ́n gba ọ̀nà márosẹ̀ wọ àárín Houston. Ọ́fíìsì náà wà ní àjà kejìlá, ní ilé iṣẹ́ epo kan tí nǹkan ò rọ̀ fún mọ́. Tábìlì tí kò sẹ́ni tó jókòó sí pọ̀ ju èyí tó léèyàn lọ. Bàbá wà lẹ́yìn tirẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀ pa, ó sì rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀: ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú irun tútù àti ẹ̀wù tí òógùn ti lẹ̀ mọ́ lára.

Ẹkúndayọ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe é dáadáa, èjìká tó ń dùn ún ò jẹ́ kó tẹ́. Òyìnbó kan tó wà nítòsí dìde, ó rò pé ó ṣubú ni.

“Dádì, mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín.”

“Dìde,” ni bàbá wí. “Dìde, wọ́n ń wò wá.”

Kò dìde. Bàbá fi ọwọ́ sí àpò inú kóòtù rẹ̀, ní àyà òsì, ó sì mú pásípọ́ọ̀tù náà jáde. Ó ti rí wúruwùru léèpo. Ara rẹ̀ ló ti ń gbé e kiri láti oṣù méjì, lọ síbi iṣẹ́, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Tí mo bá fún ẹ, ṣé o máa padà wá?” Dọ́ọ̀ṣì ló fi béèrè.

Ẹkúndayọ̀ ì bá parọ́. Irọ́ ì bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn. “Mi ò mọ̀, Dádì,” ló wí.

Bàbá gbé ìwé náà sétí tábìlì, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí fèrèsé. Kò sin wọ́n lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú lọ́jọ́ Ẹtì. Àǹtí nìkan ló gbé e lọ. Ó di ẹran díndín fún un nínú bébà, ó ní kó jẹ ẹ́ lójú ọ̀run.

Ohun tó bá nílé ò dára. Gerrit ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọ̀dà sì ti gbọ́ pé ọmọ náà kì í ṣe ẹni tó ṣeé gbára lé, wọn ò mú un lọ sí ìdíje kankan mọ́ títí tí ọdún kan tí wọ́n gbà á fún fi pé. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, àwọn ìdíje abúlé ló ń gùn kiri, èyí tí wọ́n máa ń gbà yí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí po nígbà ogójì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa kú tí ojú ọ̀nà bá le. Nígbà míì, láàárín èrò, pẹ̀lú èjìká àwọn èèyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mímí á ṣòro fún un lójijì, á sì fà sẹ́yìn pátápátá kó tó lè mí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló béèrè, bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún, bóyá bàbá rẹ̀ ṣì máa ń kọrin tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ẹkúndayọ̀ ní bẹ́ẹ̀ni. Ìyá rẹ̀ mi orí, ó sì bó ọ̀dùnkún lọ.

Nígbà òtútù, ikọ̀ kékeré kan ní Bẹ́ljíọ̀mù gbà á, àwọn tí gbogbo mọ́tò wọn ò ju méjì lọ. Oṣù kẹta ọdún 1986, ó gun ìdíje gidi àkọ́kọ́ fún wọn, nínú òjò, lójú ọ̀nà olókùúta. Ó gbé omi, ó gba afẹ́fẹ́, ó fún ọ̀gá ní táyà rẹ̀, ó dúró de mọ́tò kí wọ́n tó fún un ní òmíràn, ó sì gùn ún parí. Nígbà tó wẹ̀ tán, ó wọ ilé ọtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìparí, ó ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ńbà kan ní Texas. Láti oṣù kẹfà, kò tíì pè é.

Bàbá ló gbé e. 

“Mo gun ìdíje lónìí, Dádì.”

“Ipò kelòó lo gbà?”

“Ọ̀kànlélọ́gọ́ta.”

“Nínú èèyàn mélòó?”

“Ọgọ́sàn-án.”

“Hẹn,” ni bàbá wí, ó sì ń rò ó. “Ọ̀kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́sàn-án. Kò burú jù. Dúró, kí n pe àǹtí rẹ fún ẹ.”